Orin àlejò ni kó ṣáájú: bí a ṣe ń fi ìlù àti orin gba ọmọ tí ogun lé wá sí Ṣábẹ

Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Pàràkú sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kútọnu, inú Ṣábẹ ló gbà kọjá. Ẹni tó bá ń sá bọ̀ láti òkè, àwọn àpáta wa yìí ló máa ń rí lókèèrè, ibẹ̀ náà sì ni owó ọkọ̀ ẹlòmíràn máa ń tán sí. Láti ìparí 2021 tí àwọn agbébọn ti ń kọlu Atakora àti Alibori ní àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, tí ti Bùrkínà Fasò sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ti ń rí àwọn ìdílé tó dúró sọ́dọ̀ wa: ìyá kan, ọmọ mẹ́rin, ẹrù orí kan.

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti gba ogunléndé rí. Àwọn Ogóni sá wá láti Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1990. Ní 2005, lẹ́yìn tí Eyadéma, ààrẹ Tógò, kú tí ìbò ibẹ̀ sì di ìjà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló rọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tí èmi ń rí báyìí, ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, wọn ò gbọ́ Fọ̀n, Faransé tí ilé ìwé fi ń kọ́ wọn náà, tipátipá ni, torí ilé ìwé abúlé àwọn mìíràn ti tì kí wọ́n tó sá.

Onílù ni mí, mo sì ń kọ́ ọmọ níwèé. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kó wọn jọ láàárọ̀ Sátidé, àwọn àti ọmọ onílé, lábẹ́ igi máńgòrò. Ohun tí mo fojú ara mi rí níbẹ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, fún olùkọ́, onílù, ìyá ìjọ tàbí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí lódìkejì bọ́dà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí a kì í ṣe. Fífi orin tọ́jú ọkàn jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń lọ kọ́ ní yunifásítì. Láti 1944 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Michigan lÁmẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ọsibítù rí i pé orin ń ṣe àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lóore. Àjọ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ náà ti wà láti 1985. Èmi ò kọ́ ọ. Ohun tí àwa lè ṣe ni ká ya ibì kan sọ́tọ̀ tí ọmọ yóò ti mí kanlẹ̀, tí wọn yóò ti mọ orúkọ rẹ̀, tí yóò ti rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú ọgbẹ́ tí ẹ ò ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́: ẹ má bi ọmọ ohun tó rí lọ́nà.

Kí ìlù tó dún

Ẹ lọ kí ìyá ọmọ nílé. Ẹ má ránṣẹ́ pè é. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ dání. Ní Ṣábẹ, Fúlàní tó ti pẹ́ níbí pọ̀, kò ṣòro láti rí ògbufọ̀ Fúfúldé. Èdè Mooré, ti àwọn Mossi Bùrkínà Fasò, àti ti Gurma ló máa ń yọ wá lẹ́nu. Àwọn awakọ̀ àti oníṣòwò àlùbọ́sà ló máa ń gbà wá.

Ẹ sọ fún un: ọjọ́ wo ni, aago mélòó, àwọn wo ni yóò wà níbẹ̀, pé a kì í sanwó, pé ẹnikẹ́ni ò ní ya fọ́tò ọmọ rẹ̀. Ti fọ́tò yìí, ẹ tẹnu mọ́ ọn. Ẹni tó sá fún agbébọn ò fẹ́ kí ojú ọmọ òun máa yí kiri lórí WhatsApp. Bí ó bá sì bèèrè bóyá orin yín bá ẹ̀sìn òun mu, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Bàbá kan sọ fún mi pé ohùn àti àtẹ́wọ́ nìkan ni òun fọwọ́ sí. Ohùn àti àtẹ́wọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó dín.

Kí olórí àdúgbò gbọ́ sí i, kí ọ̀gá ilé ìwé gbọ́. Àgbà méjì ni kó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Ọmọ mẹ́wàá sí méjìlá ti tó. Mo ti kó ọgbọ̀n jọ rí. Ọjà Wàndó ti Àjàṣẹ́ ni mo dá sílẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ orin. Kí ọmọ onílé má ju ìdajì lọ, kí ẹ má sì mú àwọn tó mọ ìlù lù jù wá níbẹ̀rẹ̀, torí wọn yóò fi ìmọ̀ wọn ṣe fáàrí.

Ìṣẹ́jú 45 péré, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, lábẹ́ igi kan náà. Ọmọ tí ohun gbogbo ti yí mọ́ lọ́wọ́ ń fẹ́ ohun kan tí kì í yẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè wá ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ sọ ọ́ lónìí. Ìta gbangba tí ojú ti ń rí ọ̀nà sàn ju kíláàsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì lọ.

Ohun èlò

Ẹ má náwó. Bídọ́ọ̀nù òróró oní-lítà 25 tí a dojú rẹ̀ dé ni ìyá-ìlù wa, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń lù ú. Agolo tòmátì tí a ki iyẹ̀pẹ̀ odò ṣíbí méjì sí yóò ṣe ṣààà bí òjò tó jìnnà. Bí ó bá jẹ́ àgbàdo lẹ ki sí i, ariwo lásán ni.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ jọ ṣe, torí ṣíṣe rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹ ra igbá ọlọ́rùn kékeré tó ti gbẹ. Ẹ gé orí ọrùn rẹ̀, ẹ bu omi sínú rẹ̀ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ju òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ máa mì í títí kóro àti hàrìhàrì inú rẹ̀ yóò fi jáde, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ so okùn kan yí ọrùn rẹ̀ ká. Láti ara okùn yìí ni ẹ ó ti sọ àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kalẹ̀ ní méjì-méjì, kí ẹ máa ta wọ́n ní kókó mọ́ra bí ẹni ń hun àwọ̀n ẹja, ìlẹ̀kẹ̀ kan lójú kókó kọ̀ọ̀kan, títí dé ìdí igbá. Ẹ má fà á le. Bí àwọ̀n bá lẹ̀ mọ́ igbá, kò ní fọhùn. Ó gbọ́dọ̀ máa jó lára rẹ̀.

Ọmọ méjì ló ń ṣe ọ̀kan: onílé kan, àlejò kan. Ọ̀kan di igbá mú, èkejì ń ta kókó. Wọn ò nílò èdè fún ìyẹn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá já dànù sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò jọ kúnlẹ̀ ṣà á.

Bí ẹ bá ní gángan, ẹ mú un wá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé ìlù wa nìyí. Ìlù olókùn tí a ń há sí abíyá yìí kò pin sọ́dọ̀ Yorùbá. Àwọn Haúsá ń pè é ní kàlàngú, àwọn Dagomba ní lunga, àwọn Wolof ní tama, àwọn Mossi náà sì ní tiwọn, yàtọ̀ sí bendré, ìlù onígbá ńlá tí wọ́n fi ń ki ọba. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé gángan wá, mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti ṣàlàyé. Ọmọkùnrin kan tó tó ọdún méjìlá, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbà á lọ́wọ́ mi, ó há a sí abíyá òsì, ó fún okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni ń sọ pé awọ rẹ̀ ti rọ̀. Òótọ́ ni, awọ rẹ̀ ti rọ̀.

Ọjọ́ kìíní

Ẹ jókòó yíká, àgbà náà nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dìde sọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ fi ọwọ́ lé àyà, kí kálukú wá ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ń lu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan ní ìlù méjì-méjì, jẹ́jẹ́.

Báwo ni kó ṣe yára tó? Níbí ni ọ̀pọ̀ onílù ti ń ṣìnà. Wọ́n rí i pé ara àwọn ọmọ ò balẹ̀, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n lè dákẹ́. Kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ orin ti mọ èyí tipẹ́: ibi tí ara ọmọ wà ni kí ẹ ti pàdé rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sáré, tí wọ́n ń tira wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù tó yára bíi tiwọn, kí ẹ wá máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí yóò fi sún mọ́ bí ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ ṣe ń lù, ìyẹn bí 60 sí 70 nínú ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá wà ní kẹ́kẹ́ bí ẹni tí òjò pa, ìlù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi wọlé, kó wá máa dìde.

Orúkọ ló kàn. A ní orin gbà-kí-n-gbà kékeré kan tí mo fi ọwọ́ ara mi hun. Ẹnì kan á ní “Ta ló dé?”, gbogbo wa á dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó kàn, onílù á sì fi ìlù pe orúkọ náà. Ẹ pè é bí ọmọ ṣe pè é. Bí ẹ bá ṣì í pè, kó tún un ṣe fún yín, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Nílé ìwé, òun ni wọ́n ń bá wí láti àárọ̀ dalẹ́. Ó dára kó rí àgbàlagbà tí ahọ́n rẹ̀ lọ́ pọ̀.

Ọmọ tí kò bá fẹ́ ṣe nǹkan kan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fún un ní agogo kó dì í mú. Ọmọbìnrin kan di agogo mú fún oṣù méjì láìlù ú, kò sì pa Sátidé kan jẹ.

Orin ìparí kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò, kó má yí padà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ara wọn á mọ̀ pé ilé ti yá.

Ohùn tó ń já ọmọ láyà

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọ̀pá lu bídọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, gbàù, kí wọ́n lè dákẹ́. Bí a ṣe ń pe àwọn ọmọ tiwa nìyẹn. Kí n tó gbé ọ̀pá sókè, ọmọbìnrin kan ti dojú bolẹ̀, ó sì ti fi ara bo àbúrò rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn wà níbẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Àwọn ọmọ onílé rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rò pé eré ni. Ẹ̀bi mi ni, mo sì lọ bẹ ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀pá mọ́, kò sí fèrè ọlọ́pàá, kò sí “ẹ gbọ́ o!” lójijì. Ohun èlò tuntun, ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lù ú, kó lè mọ ohùn tó ń bọ̀ kó tó jáde. Ìlù gbọ́dọ̀ máa dìde bí ẹni ń gun òkè, kó sì máa sọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́ òjijì náà máa ń já wọn láyà.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, ẹ dá ìlù dúró díẹ̀díẹ̀, ẹ jókòó nílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, kì í ṣe níwájú rẹ̀. Ẹ má gbá a mọ́ra láìjẹ́ pé ó nawọ́ sí yín. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ibi tó wà: Ṣábẹ nìyí, igi máńgòrò nìyí, ìyá rẹ ń bẹ nílé. Kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ẹ kùn orin ìparí yín níhòo imú, kí ẹ sì máa mí síta gígùn bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Yóò bá yín fẹ́ ẹ nígbà tó bá yá. Èémí tó ń jáde bí ó bá gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, ọkàn á rọ̀.

Orin tirẹ̀ ṣáájú tiwa

Ẹ wo bí ọjọ́ ọmọ yìí ṣe rí. Láàárọ̀, Faransé ni kó gbà. Lójú títì, Yorùbá ni kó gbà. Nílé, ìrẹsì tí àwọn aláàánú fún wọn ni kó gbà, kó sì dúpẹ́. Gbígbà ni látòwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bí àwa náà bá wá kó orin Ṣábẹ fún un, kí la ṣe tí àwọn yòókù ò ṣe? Nítorí náà, oṣù àkọ́kọ́, orin àwọn àlejò ni a máa ń kọ́. Òun ni olùkọ́, àwa ni akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn ọmọ kì í dá orin wọn fúnra wọn. Ẹ lọ bá àwọn ìyá. Ẹ bèèrè orin tí wọ́n fi ń gúnyán, èyí tí wọ́n fi ń dáko, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lálẹ́ òṣùpá. Bí ìyá bá gbà, kó gbà á sórí fóònù fún yín, kí ọmọ wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ wa ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá Fúlàní kan kò gbà ká gba ohùn òun. Ó wá fúnra rẹ̀, ó gbé igbá méjì dání, ó dojú wọn délẹ̀, ó sì fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ máa kan ẹ̀yìn wọn. Mo kàn rò pé mo mọ ìlù tẹ́lẹ̀ ni.

Orin ìrẹmọ́lẹ́kún ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti bi àgbà ilé ọmọ náà. Ẹni tó ń kọ ọ́ fún ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀ lè ti kú.

Fífi ìlù kọ́ Yorùbá

Nígbà tí tiwa bá wá kàn, ẹ má fi ìwé ṣe é. Èdè wa ń fi dò, rè, mí sọ̀rọ̀, gángan sì mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ lu dò-dò, kí wọ́n wí pé *ìlù*. Ẹ lu dò-mí, kí wọ́n wí pé *ìlú*. Ọmọ tó ń sọ Mooré tètè ń mú un, torí èdè tiwọn náà ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀. Ti ọmọ Fúlàní máa ń pẹ́ díẹ̀ torí Fúfúldé kò ní i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí *ọkọ*, *ọkọ́* àti *ọkọ̀*: rè-rè, rè-mí, rè-dò. Kí ọmọ kan lu ú, kí àwọn yòókù fi ara ṣe é, kí wọ́n roko tàbí kí wọ́n wa mọ́tò. Ẹ̀rín máa ń pọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá fi ọkọ́ ìyá rẹ̀ ṣe mọ́tò. Ọmọ onílé pàápàá máa ń ṣì í, ìyẹn ló sì mú kí n fẹ́ràn eré yìí: ẹ̀kọ́ kan rèé tí gbogbo wọn jọ bẹ̀rẹ̀ lójú kan.

Àwọn tó ti ń di géńdé

Ọlọ́dún mẹ́rìnlá sókè ò ní bá yín ṣe “Ta ló dé?”. Ẹ fún wọn ní fóònù kan tó ní ìlù ráàpù lórí, kí wọ́n kọ orin tiwọn ní èdè tó bá wù wọ́n. Ẹ má ní kí wọ́n kọ nípa ogun. Orin àkọ́kọ́ tí tiwa kọ dá lórí bọ́ọ̀lù àti ìyá kan tó ń ta wàákí, ìrẹsì ẹlẹ́wà, tí kì í fi ẹran kún un. Àwọn ọmọbìnrin kì í ráyè láàárọ̀ Sátidé, omi ni wọ́n ń pọn tàbí kí wọ́n máa kiri ọjà. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni mo dá sí tiwọn.

Eégún, Zangbeto, Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ìlù òrìṣà, kó wà nílé òrìṣà. Ṣùgbọ́n ìlú wa ń ṣọdún, àlejò ò sì mọ̀. Ọmọ tó ti rí àwọn tó fi aṣọ bo ojú wọ abúlé rẹ̀ lóru, bí Zangbeto, eégún tó ń ṣọ́ ìlú, bá jáde ní Àjàṣẹ́ lóru, kí ni ẹ rò pé yóò wá sí i lọ́kàn? Ẹ lọ sọ fún ìdílé rẹ̀ ṣáájú: ọjọ́ tí yóò jẹ́, ohun tí wọn yóò gbọ́, bí ó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹni tó bá wà ní Kétu lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 tí ó sì wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, ní apá ti ọ̀sán tó kún fún ijó àti ẹ̀rín. Ẹ mú wọn wo ti ọ̀sán náà. Ti orin Ẹ̀fẹ̀ lóru, ó di ìgbà tí wọ́n bá bèèrè.

Ohun tó ju agbára wa lọ

Mo ní ìwé kékeré kan. Lẹ́yìn Sátidé kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún ọmọ kan: ó jẹun bí, ó bá ta ni ṣeré, kí ló yí padà. Ọmọ tí kì í sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó tún ti ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tí kò jẹun, tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe tàbí tó ń sọ pé ìbá sàn kí òun ti kú, kì í ṣe ti onílù mọ́. Ẹ má dúró de Sátidé. Ẹ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn àti sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ìdílé ní kọmúùnù yín. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ sí Jacquot ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ, ẹ lọ. Mo mọ̀ pé ènìyàn máa ń tijú orúkọ ibẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìdílé náà dé ibẹ̀, ìtìjú náà á dín kù.

Àwọn àlejò pàtàkì

Lọ́jọ́ kan, àwọn kan dé pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ kọrin ìdúpẹ́ fún àwọn. Wọ́n gbé ìwé àti bisikí dání, mo gbà. Ọmọkùnrin onígángan kò wá fún Sátidé méjì lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àríyá, ẹ pe àwọn òbí, kí ìyá onílé àti ìyá àlejò jọ dáná, kí ọmọ tó bá fẹ́ kọrin kọrin.

Nígbà tí ọmọ bá ń lọ

Wọn yóò lọ. Ìdílé á rí ìbátan ní Kútọnu, tàbí kí wọ́n padà sókè. Nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ó fi gbọ́, nígbà mìíràn ẹ ò ní gbọ́ rárá. Bí ẹ bá gbọ́, kí ọmọ náà ló yan gbogbo orin ọjọ́ yẹn, ìgbà kan ṣoṣo tí orin ìparí lè yí padà nìyẹn bó bá fẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó jọ ṣe, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dá a láàárín ara wọn ta ni yóò gbé e lọ. Ẹ má dá sí i.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ pe orúkọ rẹ̀ nínú orin orúkọ, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ ibi tó lọ. Ẹ má gbé ohun èlò rẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí onígángan wa lọ, mo gbé ìlù náà sí àyè rẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọbìnrin alágogo ló wá gbé e nígbẹ̀yìn. Ó há a sí abíyá ọ̀tún. Mo ń lọ tún un ṣe fún un kí n tó rántí pé alọ́wọ́-òsì ni.